Ófùn gáàsì mi kì í gbóná tó bó ṣe yẹ: kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

AlákéèkìỌbántókò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Kúkà gáàsì olójú mẹ́rin ni, ófùn wà nísàlẹ̀ rẹ̀, sílíńdà 12.5 kg ló ń lò. Bí mo bá tan ófùn, iná á ga dáadáa fún bí ìṣẹ́jú 5, lẹ́yìn náà á lọ sílẹ̀, kò sì ní ga mọ́. Mo yí nọ́ọ̀bù sí 180, ṣùgbọ́n tẹmọ́mítà tí mo gbé sáàárín ófùn kì í kọjá 140°C. Ìsàlẹ̀ kéèkì ń jó, òkè rẹ̀ funfun, àárín rẹ̀ ò jinná lẹ́yìn wákàtí kan. Ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin òkè ń jó dáadáa. Wọ́n ní kí n lọ ra thermostat tuntun. Kí n tó náwó, kí ni mo lè fúnra mi yẹ̀ wò?

GáàsìLáfẹ́nwá

Àǹtí wa, ẹ má tíì ra thermostat. Bí ojú òkè bá ń jó dáadáa, gáàsì ń jáde ní sílíńdà nìyẹn, régúlétọ̀ àti rọ́bà ò sì dá nǹkan kan dúró. Inú ófùn gan-an ni ẹ ti máa wá ọ̀rọ̀ náà.

Iná tó ga fún ìṣẹ́jú 5 kó tó lọ sílẹ̀ yẹn ló sọ púpọ̀ jù. Iṣẹ́ thermostat ni pé kó jẹ́ kí gáàsì wọlé dáadáa títí ófùn á fi gbóná dé ibi tí ẹ yí i sí, kó wá dín in kù. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà nínú ófùn ló fi ń mọ ìgbà tó gbóná, okùn bàbà tín-ín-rín ló so ọ̀pá náà mọ́ ẹ̀yìn nọ́ọ̀bù. Inú ìkọ́ lára ògiri ófùn ló yẹ kí ọ̀pá yẹn wà, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè yí i ká, kí tíréè má sì kàn án. Bó bá bọ́ nínú ìkọ́, tó wálẹ̀ sórí irin tó bo bọ́nà (ibi tí iná ti ń jó), ibi tó gbóná jù ló dé yẹn. Thermostat á gbà pé ófùn ti gbóná, á dín iná kù, nígbà tí òkè ṣì tutù.

Ẹ pa sílíńdà, ẹ jẹ́ kí ófùn tutù, ẹ yọ irin tí ẹ ń gbé tíréè lé, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ògiri ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́. Bí ọ̀pá bá ti bọ́, ẹ rọra dá a padà. Ẹ má ká okùn bàbà yẹn kọrọ, ẹ má fà á: nǹkan olómi wà nínú rẹ̀, bó bá já, kò ṣeé jó pọ̀, thermostat ti lọ nìyẹn.

Ìbéèrè kejì: ṣé ẹ tẹ́ fọ́ìlì sí ìsàlẹ̀ ófùn? Ihò tó wà létí irin ìsàlẹ̀ ni ooru ń gbà gòkè. Fọ́ìlì tó bá dí i, tàbí tíréè ńlá tó fẹ̀ dé ògiri, á sé ooru mọ́ ìsàlẹ̀. Ìdí tí ìsàlẹ̀ kéèkì fi ń jó tí òkè ń funfun nìyẹn. Ẹ fi àlàfo ínṣì 2 sílẹ̀ yípo páànù, kí ẹ sì gbé e sí àárín gbùngbùn, kì í ṣe ìsàlẹ̀ pátápátá.

AlákéèkìỌbántókò

Ọ̀gá, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀pá náà ti bọ́ lóòótọ́, orí irin ìsàlẹ̀ ló wà. Fọ́ìlì náà wà níbẹ̀. Mo ti dá ọ̀pá padà, mo sì ti yọ fọ́ìlì. Ó ti ń dé 165°C báyìí. Àmọ́ nígbà tí mo ṣí irin ìsàlẹ̀, mo rí i pé iná apá ọ̀tún bọ́nà kò jó rárá, ti apá òsì sì pupa lórí, kì í ṣe búlúù.

Ọlọ́gbọ́nKúkàÀsẹ̀rò

Ìyẹn ló jẹ 15°C tó kù. Iná ófùn gbọ́dọ̀ jẹ́ búlúù láti ìdí dé orí, kó sì dọ́gba láti ọ̀tún dé òsì. Iná tó ń pupa kò rí afẹ́fẹ́ tó, ooru rẹ̀ kéré, ó sì ń fi èéfín dúdú sára páànù. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn, torí èéfín àìjótán bẹ́ẹ̀ lè pa èèyàn nínú kíṣìnnì tí fèrèsé rẹ̀ pa dé.

Ẹ pa gáàsì láti orí sílíńdà. Skúrù 1 tàbí 2 ló sábà máa ń di bọ́nà mú níwájú. Ẹ tú u, ẹ sún bọ́nà síwájú, á fi nọ́sù sílẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbọn ara bọ́nà, kí ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gún ihò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ yẹ inú páìpù rẹ̀ wò pẹ̀lú, torí aláǹtakùn fẹ́ràn àtita òwú síbẹ̀, òwú díẹ̀ sì tó láti dí afẹ́fẹ́ lọ́nà. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dá a padà.

Nọ́sù ni idẹ kékeré tí gáàsì ń gba ihò rẹ̀ jáde. Ìyẹn ni kí ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún o. Idẹ rọ̀, bí ihò bá fẹ̀ díẹ̀ pẹ́rẹ́, gáàsì á pọ̀ ju èyí tí afẹ́fẹ́ lè jó tán lọ, iná á wá pupa títí láé. Ẹ tú u, ẹ rẹ ẹ́ sínú ọtí kíkan, kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láti ẹ̀yìn. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ ni ìwọ̀n ihò: 75 túmọ̀ sí 0.75 mm. Bí kúkà bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti ìlú tí wọ́n ti ń fa gáàsì láti inú páìpù ìgboro, nọ́sù rẹ̀ á tóbi ju ti gáàsì sílíńdà lọ, ẹ ní láti pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ sọ́jà Kútọ̀ láti wá òmíràn, ẹ mú ti àtijọ́ dání, kí ẹ fi wéra.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tò ó padà, ẹ ṣí gáàsì, kí ẹ fi omi ọṣẹ pa gbogbo ìsopọ̀ tí ẹ tú. Bó bá ń hó, ó ń jò. Ẹ má fi ìṣáná wá a láéláé. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ófùn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó tan án, torí gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń jókòó sí.

Fún ẹni tí tirẹ̀ ń kú pátápátá bó bá fi nọ́ọ̀bù sílẹ̀, thermocouple ni, ìyẹn ọ̀pá kékeré tó ń pa gáàsì bí iná bá kú. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú iná gan-an. Ẹ fi sáńdípépà lẹ́búlẹ́bú nù ún, ẹ tẹ nọ́ọ̀bù mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Bó bá ṣì ń kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kò wọ́n.

ÌyáBúrẹ́dìÌdíÀbà

Ẹ jọ̀ọ́, tèmi jẹ́ ti iná mọ̀nàmọ́ná, 2000 W. Ó ń tàn, ṣùgbọ́n lálẹ́ kì í gbóná ju ìdajì lọ. Ṣé ẹ́límẹ́ǹtì, irin tó ń gbóná nínú rẹ̀, ló ti kú ni?

Ẹlẹ́títíríkìKútọ̀

Ìyá wa, bó bá jẹ́ alẹ́ nìkan ni, ẹ fi mítà wọn iná ilé yín kí ẹ tó fọwọ́ kan ófùn, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n nígbà tí ófùn ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. 230 V ni wọ́n fi ṣírò 2000 W yẹn. Bí iná bá wálẹ̀, kọ́rẹ́ǹtì náà á wálẹ̀, bí méjèèjì bá sì ti wálẹ̀, agbára á dín kù gan-an. Ní 200 V, ẹ ó rí bí 1500 W. Ní 160 V, kò ní tó 1000 W, kò sí bọ́tìnnì tí ẹ lè yí tó máa tún ìyẹn ṣe. Stabilizer 5000 VA á gbé e dáadáa. Ti kékeré tí wọ́n fi ń gbé fíríìjì kò ní lè gbé e.

Bí iná bá pé tí ófùn ṣì tutù, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, ẹ tú wáyà kan kúrò lórí ẹ́límẹ́ǹtì, kí ẹ fi mítà wọn ohm rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń dènà iná tó. Ti 1000 W á fi bí 53 ohm hàn, ti 2000 W bí 26. Bí mítà ò bá kà rárá, ó ti já. Ẹ tún wọ̀n ọ́n láti ẹsẹ̀ ẹ́límẹ́ǹtì sí ara ófùn: kò gbọ́dọ̀ kà. Bó bá kà, iná ń bọ́ sára irin, ẹ má lò ó mọ́ títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ wo púlọ́ọ̀gì náà. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti dúdú, skúrù inú rẹ̀ ti tú, ibẹ̀ ni ooru tó yẹ kó dé inú ófùn ń parí sí.

AlákéèkìỌbántókò

Ọ̀gá Àsẹ̀rò, òwú aláǹtakùn ló wà nínú páìpù bọ́nà lóòótọ́. Iná ti búlúù, ó dọ́gba. Tẹmọ́mítà ń lọ sí 185, ó ń padà sí 170. Ṣé kò burú?

Ọlọ́gbọ́nKúkàÀsẹ̀rò

Kò burú rárá. Bí thermostat ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: á gbé e sókè, á jẹ́ kó wálẹ̀. Ẹ kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ìṣẹ́jú 10 sí ara wọn, láti ojú gíláàsì láì ṣílẹ̀kùn, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ pín in sí mẹ́rin. Ohun tó bá fi dín sí 180 ni kí ẹ fi kún nọ́ọ̀bù. Ẹ jẹ́ kí ófùn ṣófo gbóná fún ìṣẹ́jú 20 kí kéèkì tó wọlé.