Re: Amúnáwá kọ́ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n!

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa ti Houston, mo kí yín lọ́tọ̀, ẹ má bínú pé èmi ni mo tún ń hú ọ̀rọ̀ yìí jáde, mi ò kàn lè dákẹ́ ni. Àbúrò kan béèrè níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun fẹ́ overclock kọ̀ǹpútà òun (kó máa yá ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ), i7-13700K (ọpọlọ ẹ̀, ti Intel) àti RTX 3080 (káàdì àwòrán, ti Nvidia) ló wà nínú ẹ̀, power supply (àpótí tó ń gbé iná fún un) wo ni kí òun rà? Kàkà ká dá ọmọ lóhùn, ẹ̀gbọ́n ní ká kọ́kọ́ fún nǹkan lórúkọ, pé power supply á máa jẹ́ "amúnáwá àpótí", overclock á máa jẹ́ "àṣejù aago", ni gbogbo yín bá ń pàtẹ́wọ́.

Ṣé ẹ rí i, amúnáwá ti lọ́kọ. Jẹnẹrétọ̀ ni. Rédíò ń pè é bẹ́ẹ̀, ìwé ìròyìn ń pè é bẹ́ẹ̀, ìyàwó mi tí gírámà ò kàn náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Tí mo bá sọ fún aládùúgbò mi pé amúnáwá mi ti bà jẹ́, ọ̀rọ̀ epo ló máa kọ́kọ́ bi mí.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń bí mi nínú. "Mú...wá" yẹn ni. Jẹnẹrétọ̀ mú iná wá lóòótọ́, níbi tí iná ò sí ló ti dá a sílẹ̀. Ibo ni power supply ti mú tiẹ̀ wá? Iná ti wà lára ògiri, fólìtì 230, tó ń lọ tó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, iṣẹ́ tiẹ̀ ò ju kó yí i padà sí iná tó dúró sójú kan, fólìtì 12, 5 àti 3.3, èyí tí bọ́ọ̀dù inú kọ̀ǹpútà lè lò. Ó ń YÍ ni. Kì í sì í ti iná sí ẹnikẹ́ni lára, kọ̀ǹpútà ló ń FÀ á. Ẹ fetí sí àwọn tó ń sọ èdè yìí lójoojúmọ́, "fíríìjì yìí ń fa iná jù", ta ló kọ́ wọn?

Ẹ wá wo ibi tí orúkọ tí kò tọ́ gbé wa dé. Ẹnìkan kọ ọ́ síbí pé tí àbúrò bá ra oní-1000, á mú wáàtì 1000 wá, á jó bọ́ọ̀dù, á sì jẹ gbogbo owó inú mítà tán. Ọ̀rọ̀ ló tàn án jẹ! 1000 yẹn ni ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Tí kọ̀ǹpútà bá fa 400, 400 náà ló máa gbé fún un, tó bá jẹ́ èyí tó gba 80 Plus Gold, àmì pé kì í fi iná ṣòfò púpọ̀, á fa bíi 440 lára ògiri, ìyókù á di ooru.

Ẹ̀gbọ́n ti fi ìwé ẹ̀rí dókítà kó wa láyà jẹ, pé òun ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní mọfọ́lọ́jì (bí a ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀) kí wọ́n tó bí àwa kan. A gbà, sà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, díkíṣọ́nárì wo ni wọ́n ṣí? Wọ́n jókòó tì í, wọ́n rí i pé ó ń sọ̀rọ̀, kì í gbèsì, ó parí. Bàbá mi tún rédíò ṣe títí n'Ìbàdàn, tí a bá fẹ́ tọwọ́ bọ ibi tíránsífọ́mà wà, á ní "ibẹ̀ ló ti ń yí iná o, ó ṣì pa díẹ̀ mọ́ sínú, má fọwọ́ kàn án", bẹ́ẹ̀ a ti yọ ọ́ lára ògiri. (Àbúrò, tìẹ náà máa ń pa á mọ́, ó lè ju fólìtì 300 lọ, má tú u.)

Torí náà AYÍNÁ ni mo sọ. Ìyá wa ti Peckham ní ó jọ ayáná, pé àwọn èèyàn á rò pé ẹni tó ń yáná nígbà ọyẹ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́ mà. Kọ́lékọ́lé àti kólékólé, àmì ìsàlẹ̀ lásán ló yà wọ́n, ṣé bírìkìlà ti wá di olè ni?

"Àṣejù aago" ńkọ́? Ta ló rí aago níbẹ̀? Ohun tí òyìnbó ń pè ní clock nínú kọ̀ǹpútà, ìlù ni. Bí ìlù bá ṣe dún ni gbogbo inú ẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀, 13700K lè gbọ́ ọ tó bílíọ̀nù 5.4 nígbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹni tó ń overclock kàn ní kí onílù mú un yá sí i ni. Ẹ wá pe ìyẹn ní àṣejù, tí gbogbo wa mọ ohun tí àṣejù ń bí! Bẹ́ẹ̀ Intel fúnra wọn ló fi K sẹ́yìn nọ́ńbà yẹn láti sọ pé àwọn ò ti ìlẹ̀kùn ẹ̀. Ìmúlùyá ló yẹ kó jẹ́. Mo mọ̀ pé "mú" wà nínú ẹ̀, ẹ má fi ìyẹn mú mi.

Àbúrò, má bínú, a ti gbàgbé ẹ. Intel fi 253 wáàtì sí òkè fún 13700K, RTX 3080 jẹ́ 320, Nvidia fúnra wọn ní 750 ni kéèyàn rà fún káàdì yẹn, láìtíì mú ìlù kankan yá. Tí o bá fi 10 nínú 100 kún fólìtì, tí o fi 10 kún ìlù, iná tí yóò máa fà á fi bíi 33 nínú 100 lé sí i, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni fólìtì ń wọ inú ìṣirò ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni ìlù: 1.1 × 1.1 × 1.1. Káàdì yẹn náà tún máa ń ta kìjí lójijì kọjá 320 dáadáa. Ra 850, kó jẹ́ ti ATX 3.0, òfin tí wọ́n fi lélẹ̀ fún power supply ní 2022, tó ní kó lè gba ìlọ́po méjì agbára ẹ̀ fún ìdá kan nínú 10,000 ìṣẹ́jú àáyá.

Má wo páàlí o. Yí i sẹ́yìn, ka ìlà 12V. Mo gbé ọ̀kan lọ́wọ́ ní Ọ̀tígbà, ọjà kọ̀ǹpútà n'Ìkẹjà, ó fúyẹ́ bí àpótí òfìfo, 650W gàdàgbà níwájú, ẹ̀yìn ẹ̀ ní 12V, 18A. Ìsọdipúpọ̀ ẹ̀ jẹ́ wáàtì 216! Ti 850 gidi á sún mọ́ 70A. Èyí tó ní swíìṣì pupa 115/230 lẹ́yìn, fi í sílẹ̀, tẹ́nìkan bá ṣèèṣì fi í sí 115 á bú gbàmù. Èyí tó ń gba 100 dé 240 fúnra ẹ̀ ló dáa, ìwọ náà mọ bí hàáfù kọ́rẹ́ǹtì ṣe rí.

Ẹ̀gbọ́n, lórí "yí" nìkan ni kẹ́ ẹ dá mi lóhùn, ẹ má tún gbé ìwé ẹ̀rí jáde. Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ táwọn tẹkiníṣíànù ń sọ, "páwápáàkì" (power pack, power supply náà ni), àwọn Ìjẹ̀bú ló dá a sílẹ̀, tìyẹn ò tíì tán.