Omi rédíétọ̀ 504 bàbá mi pọ́n bí omi àgbàrá

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná lọ́dún 1982 ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Ó ti dúró sójú kan fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tí mo ṣí ìdérí rédíétọ̀, omi inú rẹ̀ pọ́n bí omi àgbàrá. A tú ọrùn tí họ́ọ̀sì òkè wọ̀, ìyẹ̀fun funfun ló kún ibẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ sì wà lára rẹ̀. Mẹkáníìkì ní kí n kàn fi omi kànga fọ̀ ọ́, kí n máa lò ó lọ. Ó tiẹ̀ ti yọ tamositáàtì (ohun tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná) jù nù. Ọkàn mi ò balẹ̀.

Ìyá Ríwáyà: Àbúrò, kó o tó ná kọ́bọ̀, wá mítà tí wọ́n fi ń wọn iná. Gbé e sí fóòtì DC. Fi ẹnu dúdú kan nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, ki ẹnu pupa bọ inú omi rédíétọ̀, má jẹ́ kó kan irin. Wò ó nígbà tí gbogbo nǹkan wà ní pípa, kó o tún tan iná àti fáànù wò ó. Tó bá ju 0.3 lọ, wàhálà ti wà. Tó bá fò sókè nígbà tó o tan nǹkan, wáyà ẹ́ẹ̀tì (èyí tó ń dá iná padà sí bátìrì) nǹkan yẹn ni kó o yẹ̀ wò. Ọkọ̀ kan tí mo ṣe, ọ̀dà ni wọ́n kùn sábẹ́ ẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì, iná wá ń gba inú omi kọjá!

Ọmọ Ìjẹ̀bú: 0.45 ló kà, mà. Mo tan gbogbo nǹkan, kò yí padà.

Alàgbà Àtijọ́: Omi náà ló bàjẹ́ nìyẹn. Búlọ́ọ̀kù 504, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì, irin ni. Tọ́ọ̀pù rẹ̀, ìyẹn ìdérí orí rẹ̀, alumíníọ̀mù. Pupa tó o rí, ìpẹtà búlọ́ọ̀kù ni, funfun jẹ́ ti alumíníọ̀mù. Kó àwọn méjèèjì sínú omi oníyọ̀, wọ́n á di bátìrì, alumíníọ̀mù lá sì máa jìyà rẹ̀. Iyọ̀ máa ń wà nínú omi kànga, má fi sí i mọ́.

Kọ́lá Táyà: Ẹ jọ̀ọ́ sà, torí òtútù làwọn òyìnbó ṣe ń lo kúláǹtì, omi olóògùn tí wọ́n ń dà sí rédíétọ̀. Omi lásán lèmi ń lò.

Alàgbà Àtijọ́: Kọ́lá, ṣé o ti tú tiẹ̀ wò rí? Oògùn tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún wà nínú kúláǹtì. Ọmọ Ìjẹ̀bú, fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ ná. Tí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, omi ti ń wọlé síbẹ̀, má sítáàtì. Bí ó bá mọ́, tú bóòtù ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù, torí ìdí sílíìfù (páìpù tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀) ni ẹrẹ̀ máa ń sùn sí. Rédíétọ̀ nìkan kò tó í tú. Fọ̀ ọ́ títí yóò fi mọ́. Omi tí wọ́n ń tà fún bátìrì (kì í ṣe ásíìdì o!) ìdajì, kúláǹtì ìdajì. Ọdún méjì méjì, pààrọ̀ rẹ̀. Ra ọrùn tuntun, má fi gọ́ọ̀mù dí i. Dá tamositáàtì padà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ọ́ìlì mọ́, ẹ ṣeun sà. Mo tú bóòtù náà, kò sí nǹkan tó jáde. Mo fi wáyà tọ́ ọ, ni ẹrẹ̀ pupa bá tú jáde, ó kún ìkòkò kan. Ìyàwó mi ń bi mí pé ìkòkò ta ni.