Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ fi drónù wọn eré omi odò Ògùnpa tó bá kún

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀. Ìbàdàn ni mo wà, iṣẹ́ omi ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ omíyalé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980 á mọ ìdí tí mo fi mú Ògùnpa, ìyá mi àgbà ò tíì gbàgbé ẹ̀ dòní.

Kò séèyàn tó máa gbé ẹ̀rọ tó ń wọn eré omi wọnú irú omi yẹn, torí ẹ̀ ni mo ṣe yá drónù, mo gbé e dúró sójú kan lókè, mo ya fídíò, kọ̀ǹpútà á wá máa wo bí ìdọ̀tí ṣe ń sún lórí omi láti fótò kan sí ìkejì, ibẹ̀ la ti ń mọ eré tó ń sá (náílọ́ọ̀nù tó kún odò yẹn dùn mí, àmọ́ òun ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ríran). Mo ti kun àmì funfun sétí odò, mo sì wọn fífẹ̀ àti jíjìn ẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Orí omi nìkan ni kámẹ́rà ń rí ṣá, tìsàlẹ̀ sì máa ń falẹ̀ ju tòkè lọ. 0.85 ni wọ́n sábà máa ń fi sọ eré orí omi di púpọ̀ kí wọ́n tó rí ìpíndọ́gba eré gbogbo omi náà látòkè dé ìsàlẹ̀, àmọ́ kọnkéré ni wọ́n fi ṣe ibi tí mò ń wọ̀n, níbi tó bá sì dán bẹ́ẹ̀ ó lè sún mọ́ 0.9. Mo rò ó kí n fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n nígbà tómi bá kéré kí n fi wé ti drónù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ṣé kí n lo 0.85 ni àbí èyí tí mo bá fúnra mi wọ̀n nígbà tómi ò pọ̀? Ẹ ṣé gan-an ni o, mo dúpẹ́ sílẹ̀.