Iṣẹ́ wo ni «aláì-» ń ṣe nínú «aláìfọwọ́kàn»?

Ẹ̀yin àgbà mi, mo júbà kí n tó fèsì.

Ẹni tí ó dábàá pé kí a máa pe àwọn obìnrin Dálíìtì ilẹ̀ Íńdíà (ìran tí àwọn yòókù kà sí aláìmọ́, tí wọn kì í fẹ́ fara kàn), tí a ń ka ìtàn ìgbésí-ayé wọn, ní «aláìfọwọ́kàn», láti fi túmọ̀ «untouchable» èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò bi «aláì-» léèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Aláìgbọràn ni ẹni tí kì í gbọ́ràn, aláìmoore ni ẹni tí kì í moore. Ẹni tí ó ń sá fún ara ẹlòmíràn ni aláìfọwọ́kàn, kì í ṣe ẹni tí a ń sá fún. Bama, obìnrin Dálíìtì kan, kọ ọ́ sínú Karukku, ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tí ó jáde ní 1992, bí àgbàlagbà kan ládùúgbò wọn ṣe fi okùn gbé ìdì oúnjẹ lọ fún onílẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà kan ohun tí ọ̀gá yóò jẹ. Ọ̀gá ni ó ni èèwọ̀, ìránṣẹ́ ni ó ń pa á mọ́. Olóògbé olùkọ́ tí ó kọ́ mi ní gírámà kì bá tí jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ yìí pẹ́ lójú pátákó.

Wọ́n tún ní kí a fi «ṣeé» há a láàárín, kí ó di «aláìṣeéfọwọ́kàn». Gírámà gbà bẹ́ẹ̀, ìwé àwọn obìnrin náà ni kò gbà. Nínú Sangati, ìwé mìíràn tí Bama kan náà kọ, onílẹ̀ fẹ́ fi ipá bá ọmọbìnrin kan lò. Ọmọ náà sá mọ́ ọn lọ́wọ́, ọkùnrin náà sáré lọ parọ́ mọ́ ọn, àwọn àgbà ìran ọmọbìnrin náà gan-an ni wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Níbo ni àìṣeéfọwọ́kàn wà níbẹ̀?

Ní ti ẹni tí ó ní kí a máa pè wọ́n ní «ẹrú», ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Abúlé baba wọn ni wọ́n ti ń fi ojú àwọn wọ̀nyí gbolẹ̀. Síbẹ̀, Baby Kamble, ọmọ Mahar, ìran Dálíìtì kan, tí ó ń fi ohun tí ó ń kọ pamọ́ kí ọkọ rẹ̀ má baà rí i, sọ ọ́ láìfi bò pé àwọn tí a sọ di ẹrú náà wá ẹrú tiwọn, wọ́n sì rí i nínú aya ọmọ wọn. Ìyàwó ilé nìkan ni mo lè yọ̀ǹda ọ̀rọ̀ yẹn fún.

Gandhi sọ wọ́n ní Harijan, ọmọ Ọlọ́run, Ambedkar, aṣáájú àwọn Dálíìtì fúnra wọn, kọ̀ ọ́. Dálíìtì, ẹni tí a tẹ̀ fọ́, ni àwọn fúnra wọn ń jẹ́. Kí ló dé tí a fi ń sọ ẹni tí ó ti ní orúkọ lórúkọ?

Ẹni tí ó sì ń bá mi jà pé ohùn òkè ni fáwẹ̀lì ìkẹyìn «Dálíìtì», ohùn ìsàlẹ̀ ni. Ta ni ó kọ́ yín bẹ́ẹ̀?