Fíìmù ojú sánmà lórí tẹlifíṣọ̀n: kí ló ṣẹlẹ̀ nílé yín?

Àkànní_Ọjàba
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn ètò tí òyìnbó máa ń ṣe nípa ìràwọ̀ àti òṣùpá àti gbogbo nǹkan tó wà lókè yẹn, èwo lẹ kọ́kọ́ wò lórí tẹlifíṣọ̀n, kí ló sì ṣẹlẹ̀? Mi ò fẹ́ gírámà o, ìrírí ni mo fẹ́. Tèmi ni Cosmos ti 2014, ẹ̀gbọ́n mi ló ń wò ó, èmi fẹ́ wo bọ́ọ̀lù, a jà, wọ́n borí, mo fi ìbínú jókòó, nígbà tó fi máa parí mi ò rántí bọ́ọ̀lù mọ́.

ọmọ_Ṣàgámù_gidi
Irọ́ ni. Ìwọ, kí o gbàgbé bọ́ọ̀lù?

Bọ̀sẹ̀_Alákàrà
Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa. Tíṣà ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ìgbà tí àbúrò wa ra dikódà fún wọn, wọn ò wo fíìmù àgbéléwò, wọn ò wo ìròyìn, àwọn ètò sáyẹ́ǹsì yẹn ṣáá ni. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n ń ṣe ti oòrùn, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní tó bá yá oòrùn á wú, á wú, á gbé Mercury mì, á gbé Venus mì, ó tiẹ̀ lè gbé ilẹ̀ ayé náà mì. Màámi ń ro àmàlà lọ́wọ́ nínú kíṣìnì, gbólóhùn ìkẹyìn yẹn nìkan ni wọ́n gbọ́. Wọ́n jáde tòun ti orógùn, àmàlà ń kán sílẹ̀, wọ́n ní "Kò ní ṣojú wa! Mo ní kò ní ṣojú ẹ̀mí wa!" Bàbá ní "Ìyá Bọ̀sẹ̀, ó di bílíọ̀nù 5 ọdún sí i." Màámi ní ṣé torí pé ó jìn ni èèyàn ò fi ní ṣe àmín? Wọ́n dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọn ò kúrò níbẹ̀ àfìgbà tí Bàbá ṣe àmín. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín àbí? Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e wọ́n gbé e dé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi í sáàrin àwọn tó ń wá ọmọ àti àwọn tó ń wá físà.

Ṣadé_Òkè_Ìlewó
Yéè, ẹ̀rín fẹ́ pa mí o 😂😂 tòun ti orógùn!

ọmọ_Ṣàgámù_gidi
Àmàlà yẹn ńkọ́, ṣé ó jinná?

Bọ̀sẹ̀_Alákàrà
Kókó ló kún inú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe jẹ ẹ́.

Dẹ̀jọ_tíṣà_Físíìsì
Ẹ bá mi kí Màmá, wọ́n gbọ́n ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ká tiẹ̀ tó débi bílíọ̀nù 5 yẹn, oòrùn ń mọ́lẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ ni, tó bá fi máa tó nǹkan bí bílíọ̀nù 1 ọdún sí ìsinsìnyí, ooru ẹ̀ á ti pọ̀ débi tí omi òkun ò ní lè dúró mọ́. Ohun tó fà á ni pé hydrogen tó wà láàrin ẹ̀ ló ń sun di helium, bó ṣe ń sun ún, àárín ẹ̀ ń sún kì, ó ń gbóná sí i. Ìgbà tí hydrogen ibẹ̀ bá tán pátá ló máa wá wú.

Ṣadé_Òkè_Ìlewó
Tíṣà, ẹ ti dín bílíọ̀nù 4 kúrò nínú ẹ̀mí wa kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bọ̀sẹ̀_Alákàrà
Mi ò ní jẹ́ kí Màámi ka eléyìí láéláé.

Gàníyù_Lomé
Èmi ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n o, ojúkorojú ni. March 29, 2006, Lomé ni mo wà, a ti ń gbọ́ ọ pé òṣùpá máa bo oòrùn, tẹlifíṣọ̀n ń kéde ẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má wojú oòrùn láìsí awò. Kọjá aago 9 àárọ̀ ilẹ̀ ṣú bìrí, adìyẹ ilé wa wọlé, àwọn ọlọ́jà tó ń pariwo dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ń wá gbogbo ètò tó bá ti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nì yìí, kò sí fíìmù kankan tó jọ ọ́. Wọ́n á fi orin sí i, wọ́n á fi òyìnbó kan sórí òkè tí atẹ́gùn ń fẹ́ irun ẹ̀, ọjọ́ yẹn kò sí orin rárá.

Àkànní_Ọjàba
Ìbàdàn níbí oòrùn ò tán pátá lọ́jọ́ náà àmọ́ ìmọ́lẹ̀ yẹn rí kàlákìnní, mo rántí.

Ọmọ_Fìdítì_ní_Leeds
Ẹ̀gbọ́n Gàníyù, ọ̀rọ̀ orin tí ẹ sọ yẹn, àwọn ará ibí náà ké gbàjarè. Wonders of the Universe tí Brian Cox ṣe ní 2011, àwọn tó ń wò ó kọ̀wé sí BBC pé orin ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, àwọn BBC sì lọ dín orin náà kù. Ẹ wá wò ó, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí fúnra ẹ̀ ti ta dùùrù rí nínú ẹgbẹ́ olórin kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì.

Mi_ò_gbà_rárá
Orin kọ́ ni wàhálà tèmi. Ariwo tí wọ́n máa ń fi sí i ńkọ́? Ìràwọ̀ á bú, ẹ á gbọ́ GBÀÀ. Ẹ tún ní kò sí atẹ́gùn níbẹ̀. Ta ló gbé makirofóònù lọ? Bí ẹ bá lè parọ́ ìyẹn, ẹ lè parọ́ ìyókù. Àwọn àwọ̀ aláró àti olómi ọsàn tí wọ́n ń gbé jáde yẹn, ẹ lọ wo òkè lálẹ́ òní, ẹ sọ fún mi bí ẹ bá rí aláró.

Dẹ̀jọ_tíṣà_Físíìsì
Ti ariwo, o gba máàkì. Ìró ò lè rìn níbi tí kò sí nǹkan kan, àwọn tó ń ṣe fíìmù ló ń fi síbẹ̀ kó lè dùn, ó máa ń bí èmi náà nínú. Àmọ́ ti àwọ̀, kì í ṣe irọ́. Tẹ́lískóòpù James Webb tí wọ́n jù sókè ní ọjọ́ Kérésì 2021, ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn ò lè rí ló ń gbà, irú èyí tó ń jáde lára nǹkan tó bá gbóná. Wọ́n á wá to ìmọ́lẹ̀ yẹn bó ṣe tẹ̀ léra, èyí tí ìgbì ẹ̀ kúrú jù wọ́n á fún un ní aláró, èyí tó gùn jù wọ́n á fún un ní pupa. Ohun tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ń kùn.

Mi_ò_gbà_rárá
O ṣáà ti sọ ọ́ lẹ́nu ara ẹ pé wọ́n ń kùn ún. Mo dúpẹ́.

Ṣadé_Òkè_Ìlewó
Èyí náà ò ní gbà pé èèyàn dé òṣùpá, ẹ máa wò ó.

Mi_ò_gbà_rárá
Ṣé wọ́n dé ibẹ̀ ni?

Dẹ̀jọ_tíṣà_Físíìsì
Oh Olúwa mi. Àwọn dígí tí àwọn ará Amẹ́ríkà tó bá ọkọ̀ Apollo 11, 14 àti 15 lọ gbé sílẹ̀ ṣì wà lórí òṣùpá. Wọ́n ń tan léésà sí i láti ilẹ̀ ayé, ìmọ́lẹ̀ á lọ á bọ̀ láàrin ìṣẹ́jú àáyá 2 ààbọ̀. Òun ni wọ́n fi mọ̀ pé òṣùpá ń sún kúrò lọ́dọ̀ wa ní sẹ̀ǹtímítà 3.8 lọ́dọọdún. Ta ló gbé dígí lọ, àwọn iwin?

Mi_ò_gbà_rárá
Rọ́ọ̀bọ́ọ̀tì náà lè gbé dígí. Rọ́ṣíà gbé tiẹ̀ lọ láìsí èèyàn nínú ẹ̀.

Dẹ̀jọ_tíṣà_Físíìsì
Kò burú, o kàwé. Ó ń dùn mí pé o kàwé.

Ọmọ_Fìdítì_ní_Leeds
Òṣùpá tí ẹ ń sọ yìí, ọmọ wa ti ṣe odindi fíìmù lé e lórí fún BBC ní 2011, Do We Really Need the Moon? Maggie Aderin-Pocock. Àwọn òbí ẹ̀ wá láti Nàìjíríà, London ni wọ́n bí i sí ní 1968. Ilé ìwé 13 ló lọ kó tó jáde, ìwé kíkà ṣòro fún un torí dyslexia, síbẹ̀ ọmọdébìnrin yẹn fọwọ́ ara ẹ̀ lọ dígí tẹ́lískóòpù. Láti 2014 ló ti wà lórí The Sky at Night, ètò ojú sánmà ti BBC. 2024 wọ́n fi oyè Dame dá a lọ́lá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i lórí tẹlifíṣọ̀n mo pe ìyàwó mi, mo ní wá wo Aderin!

Bọ̀sẹ̀_Alákàrà
Aderin, orúkọ adé nìyẹn o. Ó dàbí Ìjẹ̀bú.

ọmọ_Ṣàgámù_gidi
Ìjẹ̀bú ni. Ẹ má bá wa du èyí.

Ṣadé_Òkè_Ìlewó
Ta ló sọ fún yín? Ẹ̀yin Ìjẹ̀bú, kí èèyàn ṣáà ti rọ́wọ́ mú. Ìgbà tó ń gbé ilé ìwé kan dé òmíràn ní London, Ìjẹ̀bú wo ló bá a gbé báàgì?

ọmọ_Ṣàgámù_gidi
Rẹ́mọ gan-an ni mo jẹ́ jàre, kì í ṣe Ìjẹ̀bú ni mò ń jà fún.

Gàníyù_Lomé
Ó tún ti dé.

Àkànní_Ọjàba
Ẹni tó wà lórí ètò yẹn ṣáájú àwọn Aderin ńkọ́, bàbá tó máa ń fi dígí sójú kan?

Ọmọ_Fìdítì_ní_Leeds
Patrick Moore. April 1957 ló bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣe é lóṣooṣù títí tó fi kú ní December 2012. Kò lọ yunifásítì o, ara ẹ̀ ló kọ́. Láàrin gbogbo ọdún yẹn ẹ̀ẹ̀kan péré ni kò lè ṣe é, July 2004, ẹyin gúúsì kan tó jẹ ló bá a nínú jẹ́.

Bọ̀sẹ̀_Alákàrà
Ọdún márùndínláàádọ́ta ó lé, ẹyin ló wá dá a dúró 😭

Àkànní_Ọjàba
Ẹ jẹ́ ká padà sórí Cosmos tèmi. Kàlẹ́ńdà yẹn, ṣé ẹ rántí? Wọ́n kó gbogbo ọdún tí àgbáyé ti wà, bílíọ̀nù 13.8, sínú ọdún kan ṣoṣo. January 1 ló bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìtàn tí ọmọ aráyé kọ sílẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 14 tó kẹ́yìn lálẹ́ December 31 ni. Mo gbé kaakulétọ̀: ìṣẹ́jú àáyá kan tó nǹkan bí 440 ọdún. Tí Odùduwà bá ti lo 1000 ọdún sẹ́yìn, kò tíì pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tí wọ́n dé Ifẹ̀. Ogun Ìjàyè tí wọ́n jà ní 1860, kò tó ìdajì. Tí o bá ṣẹ́jú, o ti pàdánù Kúrunmí.

Ṣadé_Òkè_Ìlewó
"Tí o bá ṣẹ́jú o ti pàdánù Kúrunmí" háà 😂

Mi_ò_gbà_rárá
"Dé" Ifẹ̀ láti ibo? Ifẹ̀ ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀. Ta ló tún sọ pé 1000 ọdún ni?

Àkànní_Ọjàba
Mo sọ pé TÍ. Ṣé o rí "tí" yẹn?

Gàníyù_Lomé
Ó dùn mọ́ mi pé Mi_ò_gbà gba ti ẹ̀wọ̀n tó ti ọ̀run rọ̀, tó wá kọ ti Apollo.

Bọ̀sẹ̀_Alákàrà
HÁÀÀÀ. Ẹ̀gbọ́n Gàníyù ti pa á o.

Mi_ò_gbà_rárá
Ẹ̀wọ̀n ò bèèrè owó orí lọ́wọ́ ará Amẹ́ríkà.

Dẹ̀jọ_tíṣà_Físíìsì
Nípa Cosmos, ti àkọ́kọ́ lẹ gbọ́dọ̀ wò, ti Carl Sagan, 1980. Òun náà ló ṣe alága àwọn tó ṣètò àwo wúrà tó wà lára Voyager, àwọn ọkọ̀ tí wọ́n jù sókè láìsí èèyàn nínú wọn ní 1977. Wọ́n fi ìkíni sínú ẹ̀ ní èdè 55, pé bí àwọn ẹ̀dá mìíràn bá wà níbì kan kí wọ́n gbọ́ ohùn wa. Voyager 1 ti lé ní bílíọ̀nù 24 kìlómítà sí wa báyìí.

Ṣadé_Òkè_Ìlewó
Yorùbá wà níbẹ̀ àbí?

Dẹ̀jọ_tíṣà_Físíìsì
Rárá. Kò sí Yorùbá, kò sí Haúsá, kò sí Ìgbò. Kódà Swahili ò sí.

Bọ̀sẹ̀_Alákàrà
KÍNI???

Ọmọ_Fìdítì_ní_Leeds
Èdè Sumer àti Hittite wà níbẹ̀ o. Àwọn tí ẹni kankan ò sọ mọ́ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

Ṣadé_Òkè_Ìlewó
Òkú ń kí àlejò, àwa alààyè dákẹ́. Àwa tó jẹ́ pé ìkíni lọ́pọ̀ iṣẹ́ wa! Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ kú òtútù, ẹ kú àtọdúnmọ́dún, a ní èyí tó bá gbogbo ẹ̀ mu.

Dẹ̀jọ_tíṣà_Físíìsì
Yunifásítì Cornell ni wọ́n ti gba ohùn àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn, ẹni tí wọ́n bá rí nítòsí ni wọ́n pè. Ó ní láti jẹ́ pé kò sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n kàn lọ́jọ́ náà.

Gàníyù_Lomé
Yunifásítì Amẹ́ríkà ní 1977 kí ó má ní ọmọ Yorùbá? Ó wà níbẹ̀. Ó pẹ́ dé ni.

ọmọ_Ṣàgámù_gidi
Tí wọ́n bá tún fẹ́ ju òmíràn sókè, Rẹ́mọ ni kí wọ́n fi kí wọn.

Bọ̀sẹ̀_Alákàrà
Kí wọ́n fi Èkìtì sí i, kí àwọn ẹ̀dá yẹn náà rí iṣẹ́ ṣe.

Mi_ò_gbà_rárá
Àwo kankan ò lọ síbì kankan. Àmọ́ tó bá lọ, Ọ̀yọ́ ni.