Dátà onídéètì tí kò wọlé bó ṣe yẹ: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Àbẹ̀kẹ́ Bódìjà
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Yálà dátà òjò lẹ ń bá ṣiṣẹ́, tàbí owó ọjà, tàbí iye aláìsàn tó ń wá sí ọsibítù lójoojúmọ́, ẹ mọ̀ pé kíkó o wọlé ló ń lani lóògùn ju ìṣirò fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ níṣojú yín gan-an. Àwọn àbúrò wà níbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ prójẹ́ẹ̀tì wọn, mo fẹ́ kí wọ́n rí i kà.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
"character string is not in a standard unambiguous format." Ohun tí R, ètò ìṣirò tí a fi ń ka dátà, máa ń kọ síni nìyẹn bí kò bá mọ bó ṣe máa ka déètì. Ẹni tó bá ti rí i rí ti mọ ohun tí mò ń sọ.

Bàbá Olójò
Ọmọ Mọ́kọ́lá, èyí tó pariwo yẹn kò ní wàhálà, o ti mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èyí tó dákẹ́.

A gba dátà òjò Ìbàdàn ti ojoojúmọ́ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan, ọ̀pọ̀ ọdún ló wà nínú fáìlì náà. Bí a ṣe ń kọ déètì nílé wa níbí ni wọ́n ṣe kọ ọ́: ọjọ́, oṣù, ọdún. Ọmọkùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ mú kóòdù kan tó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti àwọn ará Amẹ́ríkà, "%m/%d/%Y" ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn oṣù ṣáájú ọjọ́. Ó fi kó dátà náà, ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. R kò fọhùn.

Mo ní kó kọ́kọ́ ya àwòrán òjò oṣù kọ̀ọ̀kan fún mi. Àwòrán jáde, òjò ńlá ń rọ̀ ní oṣù kìíní. Nínú ọyẹ́! Mo ní, Ìbàdàn wo rèé? Àṣé òjò ọjọ́ kìíní oṣù keje, 01/07, ti lọ jókòó sí ọjọ́ keje oṣù kìíní.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Nínú ọdún kan, ọjọ́ 144 ni nọ́ńbà wọn nínú oṣù kò ju 12 lọ. Nínú 144 yẹn, 12 péré ló dúró sí àyè wọn, ìyẹn 1/1, 2/2, títí dé 12/12. Àwọn 132 yòókù ti gba àyè ara wọn. Ọjọ́ 221 tó ṣẹ́kù di NA, àmì tí R fi ń sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Bí èèyàn bá wá fi na.rm = TRUE, tó ń ní kí R fo NA, ṣe àròpọ̀, kò ní í mọ̀ pé wọ́n ti lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 wà nínú àwọn tó di NA. Ọjọ́ tí odò Ògùnpa ya! Kò sí oṣù kọkànlélọ́gbọ̀n, R bá sọ ọ́ nù. Dátà òjò Ìbàdàn tí kò ní Ògùnpa nínú, kí lèèyàn fẹ́ fi ṣe?

Ìyá Ìbejì
Ọjọ́ Àìkú ni. Títí di òní, bí òjò bá ń rọ̀ lóru, màmá mi kì í sùn. Ẹ ṣeun tí ẹ dárúkọ rẹ̀, bàbá.

Àyìnlá Pandas
Ṣé kì í ṣe 1978 ni Ògùnpa ya?

Bàbá Olójò
Ó ya ní 1978 náà. Ti 1980 ló ba nǹkan jẹ́ jù, òun ni gbogbo ayé ń pè ní omíyalé Ògùnpa. Ẹ má sì gbàgbé ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, èyí tó gbé afárá Apẹ̀tẹ̀ lọ. 26 ju 12 lọ, NA lòun náà máa jẹ́ nínú fáìlì yẹn.

Ará Apẹ̀tẹ̀
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ afárá yẹn sílẹ̀. Àwa la mọ ohun tí a fojú rí.

Àyìnlá Pandas
Ìdí tí mo fi bá Python lọ nìyí. Pandas, irinṣẹ́ dátà inú rẹ̀, á dá a mọ̀ fúnra rẹ̀.

Tíṣà Ìṣirò
Àyìnlá, rárá o. Dídá-a-mọ̀-fúnra-ẹ̀ yẹn gan-an ni mo ń bẹ̀rù. Ká tó dé pandas 2.0 ní 2023, ìlà kọ̀ọ̀kan ló ń dá wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bó bá rí 08/03, á kà á sí ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ. Bó bá rí 31/08 nínú kọ́lọ́ọ̀mù kan náà, á rí i pé kò sí oṣù 31, á yí i padà, á kà á sí ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ. Kò sí NA kankan tó máa ta ọ́ lólobó. R Bàbá Olójò ṣì sọ ọjọ́ 221 nù, ìyẹn ṣeé kà. Tìrẹ á kún fọ́fọ́, á sì jẹ́ àdàlù.

Àyìnlá Pandas
Ìyẹn ti dópin, ẹ̀gbọ́n. Ní báyìí ó ń wo ìlà àkọ́kọ́, ó ń mú ìlànà kan, bí ìlà mìíràn bá yapa á dá iṣẹ́ dúró. Ẹ sì lè kọ format="%d/%m/%Y" fúnra yín.

Tíṣà Ìṣirò
Ohun tí mò ń wí nìyẹn: kọ ọ́ fúnra rẹ. Ó kù díẹ̀ ká fẹnu kò.

Adùkẹ́ Ọlọ́jà
Ẹ gba tèmi. Dátà owó gàrí àti ẹ̀wà ni tèmi, a ń lọ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ọjà Bódìjà, Ọjà Ọba àti Dùgbẹ̀. Èèyàn púpọ̀ ló kọ ọ́, àárín ọdún mélòó kan. Nígbà tí a kó o wọlé, oṣù kẹsàn-án kò sí. Ní ọdọọdún! Ẹ wo ìlà tó ń lọ geerege, tó bá dé ìparí oṣù kẹjọ á já, á tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá. Ọ̀gá wa tilẹ̀ ti ń wá ìtumọ̀ sí i, pé bóyá àwọn ọmọ tó ń kọ ọ́ máa ń lọ ìsinmi.

Kò sẹ́ni tó lọ ìsinmi. "Sept" ni wọ́n ń kọ. Lẹ́tà mẹ́rin. "Sep" ni %b, àmì tó dúró fún orúkọ oṣù, mọ̀, tàbí "September" lódindi.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Nítorí T kan ṣoṣo? Àǹtí mi, ẹ má bínú, mi ò gbà.

Adùkẹ́ Ọlọ́jà
Ṣí R rẹ. Kọ as.Date("01-Sept-2019", "%d-%b-%Y"), kí o wá sọ ohun tó bá jáde.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
NA.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Mo yọ T, ó jáde. Háà.

Ìyá Ìbejì
Ẹ tún wo ti kọ́mà. "1,250" kì í ṣe nọ́ńbà lójú as.numeric, tó ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà, NA ló máa fi dá ẹ lóhùn. Ẹ fi gsub yọ kọ́mà kúrò ná, tàbí kẹ́ ẹ lo parse_number inú readr. Bí owó ṣe ń wọ́n sí i ni NA á máa pọ̀ sí i, nítorí ọjà tí kò tó ẹgbẹ̀rún náírà kò ní kọ́mà. Ọdún tí ọjà wọ́n jù ló máa pòórá.

Adùkẹ́ Ọlọ́jà
Ìyá Ìbejì, Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ìbejì. Ẹ̀wà tiwa ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó wá dà bíi pé owó rẹ̀ kò lè kọjá 999.

Tíṣà Ìṣirò
Ẹni tó bá ṣì ń lo R tó ṣáájú 4.0.0, ti 2020, kó ṣọ́ra. Níbẹ̀, "1,250" yẹn á di factor, ìyẹn orúkọ ẹ̀ka tí R ń fi nọ́ńbà ipò pa mọ́, as.numeric kò ní í fún ọ ní NA, nọ́ńbà ipò ló máa fún ọ: 1, 2, 3. Ó burú ju NA lọ.

Ọmọ Yemẹtu
Excel ló fa gbogbo rẹ̀.

Adùkẹ́ Ọlọ́jà
Ṣé Excel ló ní kí wọ́n kọ Sept?

Ọmọ Yemẹtu
Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi Excel ṣí CSV, fáìlì dátà tí kọ́mà pín, tí ẹ sì tẹ save, ó ti yí déètì yín padà láì bi yín. Èmi kì í fi ṣí CSV rárá.

Àbẹ̀kẹ́ Bódìjà
Ibi tí mo fẹ́ bọ́ sí nìyẹn. Fáìlì kan dé ọwọ́ wa, 42005, 42006, 42007 ló wà ní kọ́lọ́ọ̀mù déètì. Ẹnìkan sọ ọ́ di Date bẹ́ẹ̀, dátà ọdún 2015 bá di ti ọdún 2085. Iye ọjọ́ ni Excel ń kọ pa mọ́, láti ìparí ọdún 1899. R ní tirẹ̀ ń kà láti 1970. Ẹ kọ origin = "1899-12-30", 42005 á di ọjọ́ kìíní ọdún 2015. Bí fáìlì bá wá láti Mac àtijọ́, 1904 ni wọ́n ti ń kà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Èmi kì í sì í fọwọ́ sí àbájáde ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì fi str(), tó ń sọ irú dátà tó wà níbẹ̀, àti range(déètì), tó ń sọ déètì àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn, hàn mí. Mo mọ̀ pé ó ń bí àwọn ọmọ nínú.

Ọmọ Yemẹtu
Ó ń bí wa nínú lóòótọ́, àǹtí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbowó
Ẹ káalẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, Stata, ètò ìṣirò mìíràn, ni súpáfáísọ̀ mi ń fẹ́. Mo kọ tsset date, láti sọ kọ́lọ́ọ̀mù déètì fún un, ó ní "repeated time values in sample". Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ìlà tó jọra.

Adùkẹ́ Ọlọ́jà
Ọjà mélòó ló wà nínú rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbowó
Mẹ́ta, mà.

Adùkẹ́ Ọlọ́jà
Òun náà nìyẹn. Déètì kan náà fara hàn nígbà mẹ́ta, ti ọjà kọ̀ọ̀kan. Sọ orúkọ ọjà di nọ́ńbà pẹ̀lú encode, kí o wá kọ xtset ọjà déètì, kó lè mọ ọjà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Má pa ìlà kankan rẹ́ o! Mo ti rí ẹni tó kọ duplicates drop date, force, ó fi ọjà méjì sọnù.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbowó
Ó ti gbà. Ẹ ṣeun mà. Ìbéèrè kan ló kù: ọ̀rẹ́ mi ń lo ts(), tó ń to nọ́ńbà tẹ̀lé ara wọn bí àkókò ṣe ń lọ, ní R fún òjò ojoojúmọ́, frequency = 365. Ó ní ọjọ́ rẹ̀ ń sún.

Bàbá Olójò
Ọmọ mi, ts() kò wo déètì rẹ rárá. Ibi tí o ní kó ti bẹ̀rẹ̀ ló ń kà láti ibẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù kejì á máa tì í síwájú ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Tún bi í bóyá ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ wà nínú fáìlì rẹ̀, torí àwọn kan kì í kọ ọjọ́ gbígbẹ sílẹ̀. Kó fi seq() to gbogbo ọjọ́, kó merge mọ́ ọn, kó lo zoo, irinṣẹ́ R tó ń wo déètì gan-an. Kó tó fi òdo dí àlàfo, kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń wo ohun tí wọ́n fi ń wọn òjò náà: òjò kò rọ̀ ni, àbí ẹnikẹ́ni kò lọ wò ó lọ́jọ́ náà?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbowó
Ó ní òun ò mọ̀, sà. Á lọ béèrè lọ́jọ́ Ajé.