Tíṣà tó ń fi ife gbé àkeekèé

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn tíṣà ẹlẹ́sìn Búdà kan tó bá wa ṣe aládùúgbò nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Sabon Gari ní Zaria ni wọ́n bí mi sí. Bàámi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, màámi ń ta aṣọ lọ́jà. Ní 1983, ọkùnrin kan láti Sri Lanka, tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò, gba yàrá méjì tó kọjú sí tiwa. Àwọn tíṣà láti Sri Lanka, Íńdíà àti Philippines kò ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Hausa nígbà yẹn.

Màámi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Tíṣà náà ò gbọ́ Yorùbá. Hausa ọjà táwọn méjèèjì gbọ́ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. "Tíṣà, ina kwana?" "Lafiya lau, Mama." Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òṣùpá yọ roboto, màámi gbé àmàlà àti gbẹ̀gìrì lọ fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó gbé e kalẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ojú màámi yí padà. Ṣé oúnjẹ òun ò dáa ni? Tíṣà wá ṣàlàyé pé lọ́jọ́ tí òṣùpá bá kún, àwọn ẹlẹ́sìn Búdà tó bá ń pa ọjọ́ náà mọ́ nílé wọn máa ń wọ aṣọ funfun, tí ọ̀sán bá sì ti pọ́n, wọn ò ní jẹun mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́. Bàámi ní, "Àwọn ará àdúgbò wa ń gbààwẹ̀ ọ̀sán, ti Tíṣà wá jẹ́ tòru." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jẹ àmàlà yẹn ní tútù, ó jẹ ẹ́ tán. Láti ìgbà náà, màámi á kọ́kọ́ wojú òṣùpá kó tó bu oúnjẹ tirẹ̀.

Èmi ni mo máa ń bá a já òdòdó tó ń gbé síwájú ère Búdà. Ó ní bí òdòdó yẹn ṣe ń rọ, bẹ́ẹ̀ lara òun náà ṣe ń lọ. Kò wàásù fún wa rí o. Kódà, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń bi mí léèrè ohun tí wọ́n kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Àkeekèé ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀kan wọlé wa lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ti gbé sálúbàtà sókè. Tíṣà ní kó dúró. Ó da ife onípáànù bò ó, ó ti páálí sábẹ́ ife, ó gbé e kọjá ojú irin lọ sínú igbó. Àkọ́kọ́ nínú òfin márùn-ún tí ẹlẹ́sìn Búdà ń pa mọ́ ni pé kó má gba ẹ̀mí ohun abẹ̀mí. Màámi fara ya: "Ó máa padà wá ta ọmọ mi!" Nínú ilé tí ọmọ mẹ́rin ti ń sùn lórí ẹní, mi ò lè dá a lẹ́bi láéláé.

SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, owó oṣù Tíṣà ò tó ohun tó lè fi ránṣẹ́ sílé mọ́. Ó padà sílé. Ó fi ife yẹn sílẹ̀ fún màámi.

Lẹ́ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, àkeekèé kan yọ nídìí ìkòkò omi. Ẹ̀gbọ́n mi tún gbé sálúbàtà.

Màámi ní, "Dúró. Lọ mú ife Tíṣà wá."